Kípírù nígbà òtútù: ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kó tó lọ bẹ ọmọ wò níbẹ̀

Láti Mòwé dé Ìbàfò, títí wọ àárín ọjà Ìfọ̀, àwòrán kan náà làwọn ejẹ́ńtì máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Òkun tó mọ́ gaara, oòrùn tó ń ràn yòò, ọmọ yunifásítì mẹ́ta mẹ́rin tó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á wá kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé "Study in Cyprus". Oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ ni wọ́n máa ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lẹ àwòrán oṣù kìíní. Lóṣù kìíní, ní erékùṣù kan náà yẹn, òjò ń rọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ wá látorí òkun, aṣọ téèyàn sá lè má gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì etí òkun sì ti ti ilẹ̀kùn pa, ó di ìgbà tí oòrùn bá padà.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń wọlé sórí fóònù wa lẹ́yìn ọdún Kérésì, látọ̀dọ̀ àwọn òbí tọ́mọ wọn wà ní Kípírù, àti àwọn tó ń múra àtirán ọmọ lọ. Wọ́n á ní, "Wọ́n sọ pé owó òtẹ́ẹ̀lì máa ń já wálẹ̀ nígbà òtútù, ṣé ó dáa kéèyàn lọ nígbà yẹn?" Ó dáa. Ká tiẹ̀ sọ ojú abẹ níkòó, tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ irú ibi tọ́mọ yín ń gbé lẹ ṣe fẹ́ lọ, oṣù kìíní sàn ju oṣù keje lọ fíìfíì. Àmọ́ owó òtẹ́ẹ̀lì ló kéré jù nínú ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa rò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tá à ń sọ. Kípírù, tọ́pọ̀ èèyàn ń pè ní Cyprus, wà ní igun ìlà-oòrùn òkun Mẹditaréníà. Ilẹ̀ Tọ́kì wà lókè rẹ̀, Síríà àti Lẹ́bánónì wà lápá ọ̀tún, Íjíbítì wà nísàlẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ erékùṣù náà jẹ́ 9,251 kìlómítà níbùú lóròó. Tá a bá fi wé tiwa, ó ju ìdajì ìpínlẹ̀ Ògùn lọ díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1878 làwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkóso ibẹ̀. Ọdún 1960 táwa gbòmìnira làwọn náà gba tiwọn, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú tiwa. Ìdí nìyẹn tí ihò iná wọn fi jẹ́ oníhò mẹ́ta bíi tiwa, ṣájà tẹ́ ẹ̀ ń lò ní Mòwé á wọ ògiri ibẹ̀ láìjà. Apá òsì ọ̀nà ni wọ́n ti ń wakọ̀, gẹ́gẹ́ bá a ṣe ń ṣe níbí kí Nàìjíríà tó yí i padà lóṣù kẹrin ọdún 1972. Kẹ́ ẹ tó sọdá títì, ẹ kọ́kọ́ wo apá ọ̀tún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń ka Bíbélì, ẹ ti mọ ibẹ̀ tipẹ́. Ọmọ Kípírù ni Bánábà. Òun àti Pọ́ọ̀lù gúnlẹ̀ sí Sálámísì, wọ́n rin erékùṣù náà já dé Páfò, ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹtàlá.

Ohun tí àwòrán ara ògiri kì í sọ ni pé erékùṣù yìí pín sí méjì. Lóṣù keje ọdún 1974, àwọn kan tí ìjọba ológun ilẹ̀ Gíríìsì wà lẹ́yìn wọn fipá gbàjọba. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ogun Tọ́kì wọ ibẹ̀, wọ́n sì gba apá àríwá. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1983, apá àríwá kéde pé òun ti di orílẹ̀-èdè. Tọ́kì nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Nàìjíríà ò gbà á, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà sì sọ pé ìkéde náà ò bófin mu. Apá gúúsù ni ìjọba táyé mọ̀ wà. Òun ló wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lọ́dún 2004, òun ló ń ná owó Yúrò láti ọdún 2008. Líra ilẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n ń ná lápá àríwá.

Apá àríwá yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń kàwé. Yunifásítì Near East wà ní Lefkoşa, tí wọ́n tún ń pè ní Nicosia. Eastern Mediterranean wà ní Mağusa. Girne American wà ní Girne létí òkun. Tí ejẹ́ńtì bá wá sọ fún yín pé Yúróòpù lọmọ yín ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ilẹ̀ náà lè jẹ́ ti Yúróòpù nínú ìwé, ṣùgbọ́n òfin Yúróòpù ò ṣiṣẹ́ lápá ibi tọ́mọ ń gbé, ìwé ìgbélùú ibẹ̀ ò sì lè gbé e dé Jámánì tàbí Faransé.

Ibi tọ́rọ̀ ti kan ẹni tó ń lọ ṣe àbẹ̀wò nìyí. Ẹnu ọ̀nà méjì ló wọ erékùṣù náà, ẹni tó bá gba ọ̀kan wọlé ò lè ṣèèṣì bá èkejì jáde. Pápákọ̀ òfuurufú apá àríwá ń jẹ́ Ercan. Kò sí bàlúù tó ń lọ síbẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ balẹ̀ sí Tọ́kì, nítorí pé àwọn ìjọba yòókù ò ka Ercan sí pápákọ̀ tó bófin mu. Ti apá gúúsù wà ní Larnaca àti Paphos, bàlúù lè gbé yín débẹ̀ láti Doha, láti Cairo, láti London. Ìjọba gúúsù ka ẹnikẹ́ni tó bá gba Ercan wọlé sí ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ká ní ẹ wà ní Lefkoşa lọ́dọ̀ ọmọ yín, ẹ wá rí i pé àdúgbò kejì, tẹ́ ẹ̀ ń wò láti ojú fèrèsé, ni gúúsù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kẹ́ ẹ kàn yà síbẹ̀ kẹ́ ẹ ra bàtà. Ẹ máà dán an wò. Àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ń ṣọ́ ààlà náà, ibi àyẹ̀wò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, páálí Nàìjíríà tí kò ní físà gúúsù, tó sì gba Ercan wọlé, lè sọ olówó rẹ̀ di èrò àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ fi èyí sọ́kàn kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Tọ́mọ bá wà ní àríwá, Ercan ni tíkẹ́ẹ̀tì yín gbọ́dọ̀ dé. A ti gbọ́ ọ pé àwọn kan ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Larnaca torí pé ó dínwó, wọ́n rò pé "Cyprus ni Cyprus ń jẹ́". Físà ti gúúsù yàtọ̀, ti àríwá yàtọ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde nínú pápákọ̀ òfuurufú Istanbul kẹ́ ẹ sùn sígboro mọ́jú kí bàlúù kejì tó gbéra, ti Tọ́kì náà dúró lọ́tọ̀. Òfin físà apá àríwá fún ọmọ Nàìjíríà máa ń yí padà, nítorí náà ẹ rí àṣẹ tiyín lójú lákọsílẹ̀, kí orúkọ yín àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù yín wà lára rẹ̀, kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ ẹnu ejẹ́ńtì pé "wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fún yín ní pápákọ̀" ò tó.

Ohun mìíràn wà tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí pé Nàìjíríà ò ka apá àríwá sí orílẹ̀-èdè, kò ní ẹ́ńbásì níbẹ̀. Ẹ́ńbásì wa ní Ankara, olú-ìlú Tọ́kì, lọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa níbẹ̀ ń já sí, bàlúù ló sì ń gbéni láti Ankara dé Ercan. Lọ́dún 2020, lẹ́yìn ikú àwọn ọmọ Nàìjíríà kan níbẹ̀, Abíkẹ́ Dabiri-Erewa tó jẹ́ ọ̀gá àjọ NIDCOM, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà lẹ́yìn odi, kìlọ̀ pé káwọn ọmọ wa yéé lọ kàwé ní apá àríwá Kípírù, ìdí tó sì sọ nìyẹn. A ò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹni tọ́mọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Àwọn tó ń kàwé wọn yanjú wà, wọ́n sì pọ̀. Ṣùgbọ́n òbí tó ń lọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kò sí ọ́fíìsì aláwọ̀ ewé àti funfun tóun máa sáré wọ̀ nígboro Lefkoşa.

Ó yá, ká wá bọ́ sórí òtútù. Ọ̀rọ̀ òtútù Kípírù máa ń tan àwa ará ibí jẹ, torí pé tẹ́ ẹ bá wò ó lórí fóònù, ẹ ó rí i pé kò burú. Lóṣù kìíní ní Larnaca, ó máa ń tó mẹ́tàdínlógún lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ́sàn-án, ó lè lọ sí méje lóru. Ẹni tó ti gbọ́ nípa yìnyín Kánádà á ní, kí wá nìyẹn? Ọ̀rọ̀ náà kọ́ ló wà níta, inú ilé ló wà. Àwọn ilé ibẹ̀, ooru ni wọ́n kọ́ wọn dè. Ilẹ̀ oníthálẹ̀ẹ̀lì ni, ògiri kọnkéré, fèrèsé fífẹ̀, ọ̀pọ̀ ò sì ní ẹ̀rọ tí ń mú gbogbo ilé gbóná bíi tìlú òyìnbó. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, inú yàrá á tutù ju ìta lọ. Ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nínú ọ̀rá. Ọyẹ́ tiwa ń bọ́ ètè, ó ń bẹ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbẹ ló gbẹ. Tiwọn, òtútù olómi ni, ó ń wọ egungun. Àti pé lóṣù kejìlá, kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn ti wọ̀.

Ohun tí wọ́n fi ń yáná níbẹ̀ ni AC tí wọ́n yí sí ooru, tó ń jẹ iná bí ẹni ń jẹ̀kọ, tàbí hítà oníná, tàbí hítà onígáàsì tí wọ́n máa ń yí kiri inú ilé lórí táyà. Onígáàsì yìí ló yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. Àwa tá à ń gbé àdúgbò tí iná ọba ti ń ṣe ségesège, a mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ lè ṣe fún odindi ìdílé tó sùn. Èéfín kan náà tí kò lóòórùn, tójú ò rí, ni hítà onígáàsì àti ẹ̀yinná èédú ń tú sínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa. Ọmọ yunifásítì tó fẹ́ ṣọ́ owó iná ná, á tan gáàsì sùn. Tẹ́ ẹ bá dé yàrá rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ọ̀kan wà níbẹ̀. Bó bá wà, kó máa ṣí fèrèsé díẹ̀ tó bá tàn án, kó sì pa á kó tó sùn. Aṣọ ìbora tó nípọn méjì tẹ́ ẹ rà fún un sàn ju gbogbo ẹ̀bùn tẹ́ ẹ lè gbé láti ilé lọ.

Ní ti ẹrù láti ilé, gààrí, èlùbọ́ àti ata gígún ò fi bẹ́ẹ̀ níjà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ apá gúúsù lẹ̀ ń lọ, òfin Yúróòpù ò gbà kéèyàn kó ẹran àti wàrà wọlé láti ìta. Kílíṣí wà níbẹ̀, pọ̀nmọ́ wà níbẹ̀, ẹran gbígbẹ tí màmá àgbà fi ránṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Wọ́n á gbà á, wọ́n á jù ú nù lójú yín.

Kí ló wá ń jẹ́ kí owó nǹkan já wálẹ̀? Àwọn àlejò ló gbé ọrọ̀ ajé erékùṣù náà ró, oòrùn sì ni àwọn àlejò ń wá. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, àwọn èèyàn láti Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Tọ́kì máa ń kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Tó bá di oṣù kọkànlá, wọ́n á lọ. Òkun á máa ru, omi rẹ̀ á tutù. Ayia Napa lápá gúúsù, níbi tí ijó ò ti dáwọ́ dúró lóṣù kẹjọ, á wá dà bí ọjà Ìfọ̀ tílẹ̀ ti ṣú, táwọn oníṣòwò ti palẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòní. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi kì í rìn lórí òkun Mẹditaréníà nígbà òtútù, nítorí ìjì. Nígbà tí wọ́n ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù, tí wọ́n kọ̀ láti dúró, ọkọ̀ rì mọ́ wọn lọ́wọ́, oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n sì lò lórí erékùṣù Mẹ́lítà, tá a mọ̀ sí Malta báyìí, kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀. Ọkọ̀ ará Alẹkisáńdíríà kan tóun náà ti dúró de ìgbà òtútù níbẹ̀ ni wọ́n bá lọ. A lè sọ pé Pọ́ọ̀lù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìgbà òtútù ṣe àlejò lórí irú erékùṣù bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ò ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sórí ibi tó kan ọmọ yín jù. Ìgbà tí ọjà tutù fún òtẹ́ẹ̀lì ló dùn mọ́ àlejò nínú, torí yàrá pọ̀, owó rẹ̀ rọjú. Ìgbà kan náà ni iṣẹ́ máa ń gbẹ mọ́ ọmọ tó ń kàwé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ejẹ́ńtì ló máa ń sọ fún òbí pé, "Ẹ ṣáà sanwó táàmù àkọ́kọ́, á máa ṣiṣẹ́ sanwó ìyókù." Irú iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ ilé oúnjẹ, iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ fífọ abọ́, iṣẹ́ títẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn iṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé oòrùn nìyẹn. Ọmọ tó bá gúnlẹ̀ lóṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, bó bá fi máa mọ ojú ọ̀nà, àwọn àlejò ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó di oṣù kẹrin kí wọ́n tó máa wá òṣìṣẹ́ padà. Láàárín ìgbà yẹn, owó ilé ò dúró, owó iná lọ sókè nítorí hítà, owó táàmù kejì sì ń bọ̀ lóṣù kejì. Lápá àríwá, pọ́n-ùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ onílé fi ń gba owó ilé, líra ni wọ́n sì máa fi san owó iṣẹ́ fún ọmọ, náírà sì ni ẹ̀yin ń fi ránṣẹ́ láti ilé. Owó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí ìgbà kan tí wọ́n bára wọn dọ́gba.

Ọmọ tí kò bá rí owó ilé-ìwé san ò ní lè forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀, ìwé ìgbélùú rẹ̀ bọ́. Láti ọjọ́ tí ìwé bá ti bọ́, owó ìtanràn á máa gun orí ara wọn, débi pé ẹni náà ò ní lè jáde nílùú náà láìsan án. Bí ọmọ tó kúrò ní Ìbàfò lọ kàwé ṣe ń di ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá nìyẹn, kì í ṣe pé ó jalè, kì í ṣe pé ó lu jìbìtì. Ó sì lè má sọ fún yín lórí fóònù. Fọ́tò tó ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ti oṣù kẹjọ lè ni.

Ìdí tá a fi ní oṣù kìíní sàn nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá lọ lóṣù keje, ẹ ó bá ọmọ tó ń ṣiṣẹ́, tí owó ń wọlé fún, tí òkun ń dán lẹ́yìn rẹ̀. Lóṣù kìíní, ohun tó jẹ́ òótọ́ lẹ máa bá. Ẹ bá a dé ọ́fíìsì ìnáwó ilé-ìwé, kẹ́ ẹ wo iye tó kù lọ́rùn rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà wọn. Ẹ ní kó mú káàdì ìgbélùú rẹ̀ wá, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tó máa tán. Ẹ sùn sí yàrá rẹ̀ ní òru kan, ó kéré tán, dípò òtẹ́ẹ̀lì, bó tilẹ̀ wù kí owó òtẹ́ẹ̀lì dínkù tó. Ẹ bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, taa ló ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ èyí ò rò pé ìyẹn jẹ́ ìfìyàjẹ ọmọ, mo rò pé ara ìrànlọ́wọ́ ni, nítorí pé gbèsè táàmù kan ṣeé san, ti ọdún méjì ò rọrùn. Ẹni tí kò tíì rán ọmọ lọ náà, bó bá lágbára àtilọ wò ó, kó lọ nígbà òtútù kó tó ta ilẹ̀.

Ẹ má lọ nígbà tí ìdánwò ń lọ lọ́wọ́ ṣá o. Ìdánwò táàmù àkọ́kọ́ sábà máa ń bọ́ sí oṣù kìíní, ìsinmi á tẹ̀ lé e, táàmù kejì á bẹ̀rẹ̀ lóṣù kejì. Ẹ béèrè déètì gan-an lọ́wọ́ ọmọ, ìparí oṣù kìíní ló sábà máa ń dáa jù. Ó tún bọ́ sí àkókò tó dáa ní ti tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣàṣìṣe níbí, wọ́n rò pé torí òtẹ́ẹ̀lì dínwó lóṣù kejìlá, bàlúù náà á dínwó. Rárá. Ìgbà òtútù tiwọn ni ìgbà ọdún tiwa. Gbogbo ọmọ wa tó wà lókè òkun ló ń rọ́ wá sí Èkó lóṣù kejìlá, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì oṣù kìíní ni wọ́n sì ń rọ́ padà. Bàlúù tó ń gbéra ní Èkó lákòókò yẹn máa ń kún, owó rẹ̀ á sì ga. Ẹ jẹ́ kí oṣù kìíní dé ìdajì. Láti ìgbà náà títí di ìparí oṣù kejì, ibẹ̀ dínwó, ojú ọ̀nà náà sì rọrùn.

Kò sì yẹ kẹ́ ẹ lọ jókòó sí yàrá lásán. Bọ́mọ bá wà ní Mağusa, Sálámísì tí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà gúnlẹ̀ sí ò jìnnà, òpó òkúta àti gbàgede ìran àwọn ará Róòmù ṣì wà níbẹ̀. Ilé ìjọsìn tí wọ́n fi orúkọ Bánábà pè wà nítòsí. Láàárín ìlú Mağusa fúnra rẹ̀, mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà tó jẹ́ kàtídírà nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn. Wọ́n sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn táwọn Tọ́kì gba ìlú lọ́dún 1571, àwòrán ilé Kristẹni ṣì wà lára rẹ̀ gbangba. Lẹ́yìn odi ìlú náà ni Varosha wà, àdúgbò òtẹ́ẹ̀lì táwọn olùgbé rẹ̀ sá kúrò lọ́dún 1974. Wọ́n ti ṣí apá díẹ̀ fáwọn èèyàn láti oṣù kẹwàá ọdún 2020, igi ti hù látinú yàrá níbẹ̀. Ní Güzelyurt, ìgbà òtútù ni wọ́n ń ká ọsàn, ẹ ó rí i tó pọ̀n rẹ́kẹrẹ̀kẹ lórí igi nínú òjò.

Ẹni tó bá ní físà gúúsù, tó sì gba gúúsù wọlé, Larnaca ni kó lọ. Wọ́n gbà gbọ́ níbẹ̀ pé Lásárù tí Jésù jí dìde wá ṣe bíṣọ́ọ̀bù lọ́dọ̀ wọn, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Létí ìlú náà, adágún iyọ̀ kan wà tó máa ń gbẹ kanran nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òtútù tómi bá dé, ẹyẹ fílàmíńgò, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, máa ń rọ́ wá síbẹ̀, wọn ò sí níbẹ̀ lóṣù keje. Ní bèbè adágún yẹn ni mọ́ṣáláṣí Hala Sultan wà. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n sin Umm Haram sí, ìyá kan tó bá Ànábì Muhammad tan, tó kú nígbà táwọn Lárúbáwá kọ́kọ́ wọ erékùṣù náà ní nǹkan bí ọdún 649. Lójú àwọn Mùsùlùmí, ibi ìbẹ̀wò ni. Lórí òkè Troodos, yìnyín máa ń bo ilẹ̀ láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejì. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni láti etí òkun débẹ̀.

Ohun kan tó ṣì ṣí gbayawu lápá àríwá nígbà òtútù ni ilé tẹ́tẹ́. Láti ìgbà tí Tọ́kì ti ti tiẹ̀ pa lọ́dún 1998 làwọn ará Tọ́kì ti ń wọ bàlúù wá ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀, òtútù kì í lé wọn. Tí owó òtẹ́ẹ̀lì kan bá dínwó ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ilé tẹ́tẹ́ wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rí owó wọn.

Ní ti ọ̀nà àtigbéra, ẹni tó ń ti Mòwé tàbí Ìbàfò lọ sí pápákọ̀ Murtala Muhammed, kó wo kàlẹ́ńdà dáadáa. Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ lóṣù, ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ máa ń wà ní Redemption City. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn MFM ń lọ sí Prayer City. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti Mòwé dé Long Bridge. Lóṣù kejìlá tí Kóńgírẹ́ẹ̀sì bá wà, gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni. Tí bàlúù yín bá bọ́ sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sùn sí Ìkejà mọ́jú. Àwọn ará Ìfọ̀ ní tiwọn, Sango, Abúlé Ẹ̀gbá àti Agége ni wọ́n máa gbà, ìdájí ló dáa jù. Ẹ gbé kóòtù sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe inú àpótí ńlá, torí ibi tẹ́ ẹ ti máa kọ́kọ́ nílò rẹ̀ ni Istanbul, àpótí yín ò ní sí lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ́ńbásì wa ní Ankara sórí bébà, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ará ilé, kẹ́ ẹ mú ọ̀kan dání. Aago wọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa nígbà òtútù. Aago mẹ́wàá alẹ́ ní Mòwé, mọ́kànlá ti lù lọ́dọ̀ wọn.